Ọ̀rọ̀ Tí A Ń Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òjò tó kọjá, èyíinì ni irú ọ̀rọ̀ tí àwa tí a ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí ń kọ sára ọkọ̀ wa, tàbí tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí a sì ń gbé e káàkiri lójú gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi àti àbúrò mi obìnrin ń ti Ìsánlú bọ̀ wá sí Kàbbà nínú ọkọ̀ èrò. A kò tíì dé Mopà tí a fi bá bọ́ọ̀sì kan níwájú wa. Ihò pọ̀ lójú títì, àwọn tírélà tó ru sìmẹ́ńtì láti Ọ̀bàjànà sì ń bọ̀ ní òdìkejì lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé awakọ̀ wa kò rí àyè ya bọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tẹ̀lé e títí a fi kọjá Ayétòrò-Gbẹ́dẹ̀. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà pupa gàdàgbà ni pé, "Ẹni tí kò bímọ, àlejò ló jẹ́ láyé." Àbúrò mi ti lo ọdún 19 nílé ọkọ, kò sì tíì gbọ́ ẹkún ọmọ tirẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn èrò yòókù ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà àti nípa òjò tí kò jẹ́ kí gààrí gbẹ, ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó tì í kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí, nítorí pé ibikíbi tí a bá wò níwájú, ọ̀rọ̀ náà ló ń wò wá padà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Kàbbà, ó ní kí a yára ra iṣu tí a fẹ́ rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Títí di òní, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà létí mi rí, èmi náà kò sì lè bi í.

Kì í ṣe pé àwa Yorùbá kò mọ èébú. A mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ ọ́n kọ lórin pàápàá. Bí orogún bá dá orin òwe sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹni tí orin náà ń bá wí wà nítòsí, ó lè gbe tirẹ̀ dáhùn, bí ó bá sì le jù, àgbà ilé yóò jáde, yóò ní ó tó. Ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe tó lágbára lójú àgbà yóò kọ́kọ́ ní "tótó, ó ṣe bí òwe," àwọn àgbà yóò sì ní kí ó rí òmíràn pa. Nínú gbogbo èyí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì lè rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ẹran ara. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnu, kò ní etí. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń kà á, ó sì ń sáré lọ. Ẹni tó ń kà á kò lè dáhùn, kò sì lè dìde kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò nìyẹn, ju bóyá ọ̀rọ̀ kan burú tàbí kò burú lọ.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Bọ́lẹ̀kájà ló ń wà nígbà èwe mi, ó sì máa ń kó èrò àti kọfí láti agbègbè Kàbbà. Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n parí iṣẹ́ káfíńtà lára ọkọ̀ náà, tí akunlé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ wá bi í pé kí ni kí òun kọ sí iwájú orí rẹ̀. Bàbá mi kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ sọ ọ́, ọjọ́ kẹta ló tó padà wá wí pé kí ó kọ "Orí ẹni làwúre ẹni." Owó gidi ni wọ́n san fún iṣẹ́ náà, ọ̀dà náà sì pẹ́ kí ó tó gbẹ. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wọ́n, tí kò sì ṣeé pa rẹ́ ní wàràwàrà, àwọn onímọ́tò ìgbà náà máa ń ro ó dáadáa. Orí ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá sọ̀rọ̀, tàbí ayé, tàbí Ọlọ́run: "Ìgbà ò lọ bí òréré," "Ayé lọjà." Mi ò sọ pé kò sí èyí tó le nínú wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ọlọ́kọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dà níkẹyìn. "Orí Ẹni" ni gbogbo Kàbbà ń pe bàbá mi títí tó fi wọlẹ̀. Ta ni yóò kọ èébú sórí ọkọ̀ bí ó bá mọ̀ pé èébú náà ni wọn yóò máa fi pe òun?

Sítíkà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Atẹ̀wé kan ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, Forest Gill, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún ìlẹ̀mọ́ ọkọ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sórí ohun tó ní lẹ́ẹ̀mù lẹ́yìn, nítorí pé kó tó di ìgbà náà, páálí ni wọ́n ń fi wáyà so mọ́ bọ́ńpà ọkọ̀. Àwọn òṣèlú àti àwọn ibi ìgbafẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa báyìí, ọmọkùnrin tó ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí ń gé ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gé gbólóhùn kan fún ọ kí o tó mu omi tán. Àwọn mìíràn ti gé e sílẹ̀, wọ́n so ó rọ̀ bí ẹni so ẹja gbígbẹ, oníbàárà kàn ń nawọ́ sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá wù ú ni. Kò sí ẹni tó ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Ohun tó sì ń dùn mí jù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ti ń dán ojú wọn wò. Mo ti gbọ́ ọmọ kíláàsì kejì tó ń fi ohùn rara ka èpè lójú títì, tí inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun kà á já.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà níbẹ̀, èyí tí a kò lè fi ẹnu fò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, tí wọ́n mú àwa Okun, ìyẹn àwa Yorùbá ìwọ̀-oòrùn Kogí, àti àwọn Ẹ̀bìrà láti ara Kwara, tí wọ́n sì mú àwọn Ígálà láti ara Benue, a kò tíì dìbò yan ọmọ Okun kankan sí ipò gómìnà. Ọ̀rọ̀ náà ń dun èmi náà. Bí ẹnikẹ́ni ní Yàgbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú, ní Owé tàbí ní Ọ̀wọ́rọ̀ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ pé ó tó àkókò kí ó kàn wá, mo fọwọ́ sí i, n óò sì ràn án lọ́wọ́ láti fi àmì ohùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ìbò bá ti ń súnmọ́, bí ó ṣe rí ṣáájú ìbò gómìnà oṣù Kọkànlá ọdún 2023, a máa ń rí ọ̀rọ̀ mìíràn lára ọkọ̀, èyí tí kò béèrè fún nǹkan kan, tó kàn ń pe ẹ̀yà kan ní olè tàbí ní ẹranko. Ọkọ̀ náà yóò kó èrò láti Kàbbà lọ sí Òkènè tàbí Lọ́kọ́jà, ọmọ ẹ̀yà tí wọ́n bú yóò wọlé, yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì jókòó nínú èébú ara rẹ̀ títí dé ibi tó ń lọ. Àwọn tí a ń bú yìí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a sì ti gbé ara wa níyàwó. Èébú náà kò sì fi ìbò kan ṣoṣo kún tiwa.

Ti ẹ̀sìn kò ní gùn lẹ́nu mi. Ẹni tó bá kọ orúkọ Ọlọ́run tó ń sìn sára ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí, bó ti wù kó tóbi tó. Èyí tó ń fi ẹlẹ́sìn kejì ṣe yẹ̀yẹ́ ni mò ń bá wí, ní ilẹ̀ tí ìyá ẹlòmíràn ń kírun tí bàbá rẹ̀ sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ka nípa ìwádìí kan tí William Szlemko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado State University gbé jáde ní ọdún 2008, tó fi hàn pé àwọn awakọ̀ tó fi sítíkà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ọkọ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́ máa ń fi ọkọ̀ bínú lójú títì ju àwọn tí kò fi nǹkan kan sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni sítíkà náà ń sọ, kò yí i padà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ ọkọ̀ di ààlà tirẹ̀, bí ẹni tó sàmì sí yàrá rẹ̀, ó sì gbàgbé pé ojú títì gbogbo ènìyàn ni yàrá náà wà. Bí mo ṣe kà á tán ni mo rántí bọ́ọ̀sì ọ̀nà Mopà.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba ṣòfin, kí ọlọ́pàá máa mú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ ní abala 39, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 45 gbà kí òfin mìíràn fi ààlà sí i nítorí ẹ̀tọ́ ọmọlàkejì. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Georgia ṣe òfin tó ka ọ̀rọ̀ rírùn lára ọkọ̀ léèwọ̀; ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé e. Èmi tilẹ̀ ní ìdí tó súnmọ́ ilé ju ìyẹn lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń rin ọ̀nà wa mọ bí ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró ṣe pọ̀ tó. Bí a bá fún àwọn tó ń dá wa dúró ní ẹ̀ṣẹ̀ tuntun tí wọn yóò máa wá lára ọkọ̀, owó ni wọn yóò fi gbà, sítíkà náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí òfin dáàbò bò, ìyẹn ni ẹni tí kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ìjọba tẹ "Live Free or Die" sára nọ́ńbà ọkọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Maynard bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lára ọkọ̀ tirẹ̀ nítorí pé ó lòdì sí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní ọdún 1977, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá a láre, pé ìjọba kò lè fi ipá sọ ọkọ̀ ènìyàn di pátákó ọ̀rọ̀ tí kò gbà gbọ́. Kí àwọn tó ń fi àwòrán olùdíje bo gíláàsì ọkọ̀ èrò nígbà ìbò, tí wọ́n sì ń wo awakọ̀ tó bá kọ̀ bí ọ̀tá, rántí ẹjọ́ yìí.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí bọ́ọ̀sì ọjọ́ náà ní gáréèjì kan ní Kàbbà. Mo kí awakọ̀ náà pé, "Okun o." Ó dìde, ó ní, "Okun, Mọ́mì." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ìwà ni. Mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n kọ ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ó ti wà níbẹ̀ kí òun tó rà á ní Ìlọrin. Mo ní kí ó wá kà á sí mi létí. Ó kà á tán, ó dákẹ́. Nígbà náà ni mo sọ nípa àbúrò mi fún un. Ó ní, "Mọ́mì, iwájú ni mo máa ń wà. Mi ò kà á rí bí ẹni tó wà lẹ́yìn ṣe ń kà á."

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní àwọn gáréèjì wa, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbbà, kí wọ́n máa ní kí ọlọ́kọ̀ tuntun lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí ó ka ohun tó wà níbẹ̀ kí ó tó kó èrò àkọ́kọ́. Mo sì bẹ àwọn ọmọ tí ń gé sítíkà pé kí wọ́n bi oníbàárà bí akunlé ṣe bi bàbá mi, kí wọ́n sì fún un láyè láti lọ ro ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún pàdé bọ́ọ̀sì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi ọ̀bẹ họ ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ sì ti bó o, ṣùgbọ́n "àlejò" ṣì hàn nítorí lẹ́ẹ̀mù tó gan mọ́ gíláàsì. Mo ti bá a sọ ọ́ pé kẹrosíìnì àti omi gbígbóná ló ń ká irú rẹ̀. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni mo dá pé n óò gbé e lọ bá a.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.