Èkó ti fo ààlà, ìkànìyàn wa ṣì dúró sí Berger

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ìkànìyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀, àríyànjiyàn kan náà ni gbogbo wa máa ń gbé jókòó: ta ló pọ̀ jù, Èkó tàbí Kánò? Apá kan á ní Àjọ Ìkànìyàn rẹ́ Èkó jẹ ní ọdún 2006 nígbà tí wọ́n kọ 9,113,605 fún un, tí wọ́n sì kọ 9,401,288 fún Kánò. Apá kejì á ní àsọdùn gbáà ni 17,552,942 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinubu, ní òun kà ní tòun. Bí wọ́n bá ti jà á tán, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn yọ sí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fi Kánò sílẹ̀ ná. Ní 1991, èèyàn 5,725,116 ni wọ́n kà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Tí ó bá di 9,113,605 ní 2006, a jẹ́ pé níbi tí èèyàn ọgọ́rùn-ún wà tẹ́lẹ̀, 59 ló kún wọn láàárín ọdún 15. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á ní ó pọ̀. Àmọ́ ẹ wá ṣírò ti Nàìjíríà lódindi: 88,992,220 di 140,431,790. Èyí tó kún ọgọ́rùn-ún tiyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58. Ohun tí ìwé ìjọba ń sọ fún wa nìyẹn, pé Èkó, tí ọkọ̀ akérò ń já èrò sí láti gbogbo ìgun ilẹ̀ yìí ní alẹ́ alẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yára kún ju àwọn abúlé tí àwọn èrò náà ti ń kúrò. Èmi ò gbà á gbọ́, mi ò sì rí ẹni tó ti dúró sí ibùdókọ̀ Jibówú rí tó máa gbà á.

Kì í ṣe pé mò ń gbè sẹ́yìn 17 mílíọ̀nù o. Ìlọ́po mẹ́ta iye ti 1991 nìyẹn, láàárín ọdún 15 yẹn kan náà. Bí tìjọba àpapọ̀ ṣe kéré lójú mi ni ti Èkó ṣe tóbi.

Iye tí ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu bà ni ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 2,333,726 ní 1991, ó di 3,751,140 ní 2006. Ìyẹn ju 60 lọ lórí ọgọ́rùn-ún. Lójú ìwé, Ògùn yára kún ju Èkó lọ! Kì í sì í ṣe Ìmẹ̀kọ tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ń rọ́ lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà àti ti Ifọ̀, méjì péré nínú ogún tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní èèyàn tó lé ní 500,000 nígbà yẹn. Ẹ gbé máàpù síwájú, ẹ wo ibi tí àwọn méjèèjì fara kan. Èkó ni.

Èkó ti fo ààlà tipẹ́. Ẹ lọ dúró sí Berger, ní ẹnu ààlà Èkó àti Ògùn, ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ wo èrò tó ń ti Mọ́wé, Ìbafo, Mágbọ́rọ̀ àti Arẹ́pò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bọ̀. Obìnrin á wọ sílípáàsì, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ á wà nínú ọ̀rá. Ọkùnrin á ti di táì tán, á ṣì máa sùn lórí ìdúró. Báńkì, ọjà, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ Èkó ni wọ́n ń ṣí, àwọn ni wọ́n ń tì í, lẹ́yìn náà wọ́n á sá padà sí Ògùn lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún. Ní ìhà Alágbolé àti Àkúté, ẹni tí kì í ṣe ọmọ àdúgbò ò lè sọ ibi tí ìpínlẹ̀ kan parí sí. Odò Ògùn tó wà ní Àkúté yẹn gan-an ni wọ́n ti ń fa omi tí ìlú Èkó ń mu. Nígbà tí Èkó sì la ojú irin aláwọ̀ pupa (Red Line), tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2024, ibo ni wọ́n gbé ìdíkọ̀ ìparí rẹ̀ sí? Agbádo, ní ẹnu ààlà. Ọkọ̀ ojú irin mọ ibi tí èrò wà. Ìwé ìkànìyàn ni kò tíì mọ̀.

Mo rántí ti 2006 náà dáadáa. Ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Agége ni mò ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìkànìyàn fi ṣọ́ọ̀kì kọ NPC, ìyẹn orúkọ àjọ wọn, àti nọ́ńbà sára ògiri, ó gbé fọ́ọ̀mù lé itan, lánlọ́ọ̀dù wa sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ilé sọ. Ó ka ìyàwó àti ọmọ tirẹ̀ pé pérépéré, títí kan èyí tó wà ní yunifásítì. Ó wá ní ayálégbé mẹ́fà ló kù. Mẹ́fà! Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n fẹ́ fi mọ iye owó ilé tó ń gbà. Àwọn méjì tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ìloro ti wọkọ̀ lọ sílùú wọn lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, nítorí àwọn àgbà ilé ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n nílé baba wọn. Ibi tí wọ́n bá bá èèyàn ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà ọmọ ibòmíràn ni wọ́n nínú ìwé, Èkó ni wọ́n sì ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu, láti ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Mọ́gáàdì tó wà nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Owó ló fà á, a ò ní tan ara wa. Nínú owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín láti àpò ìjọba àpapọ̀, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi iye èèyàn pín. Kò sí gómìnà tó máa fẹ́ kí orí kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì. Festus Odimegwu, tó jẹ́ alága Àjọ Ìkànìyàn, sọ ní 2013 pé kò sí ìkànìyàn tó ṣeé gbára lé nílẹ̀ yìí láti 1816 (Nàìjíríà ò tiẹ̀ tíì sí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ń wí yé wa). Lọ́dún yẹn náà ló fi ipò sílẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kankan. Kí Ògùn gba ìpín tó tọ́ sí i lórí àwọn tó sùn sí Ògùn, kí Èkó gba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún tẹ ìwé kan lọ́tọ̀ tí yóò ka ìlú náà papọ̀, láti Bàdágìrì dé Mọ́wé, láti Ìkòròdú dé Ọ̀tà, láìwo ààlà ìpínlẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣe é. Nínú ìṣirò wọn ti 2025, Jakarta lé ní 40 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ 10.56 mílíọ̀nù ni ìkànìyàn Indonesia ti 2020 rí láàárín ààlà ìlú náà fúnra rẹ̀. Èyí tó kù wà ní àwọn ìlú tó so mọ́ ọn pinpin. Èkó àti Ògùn náà ti fọwọ́ síwèé ní 2021 pé àwọn máa ní àjọ ìdàgbàsókè kan náà. Èèyàn mélòó ni àjọ yẹn fẹ́ kọ́ ilé ìwé fún? Ti 2006?

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí wọ́n ka èèyàn ní 2006 ti tó dìbò báyìí. Ti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún, ọjọ́ díẹ̀ ló kù tí ìjọba Buhari fi sún un síwájú. Nítorí náà, Olóòtú, lọ́jọ́ tí àwọn aláṣẹ bá tún pe ẹ̀yin oníròyìn jọ láti kéde ọjọ́ tuntun, ẹ má bi wọ́n léèrè Kánò. Ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò gbé iye àdúgbò kọ̀ọ̀kan jáde kí gbogbo ayé rí i, àti orúkọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó ń sùn sí ọ́fíìsì, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbafo.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mọ́wé, Ìpínlẹ̀ Ògùn