Ẹ Ṣí Ilé Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kọ ìwé yìí láti bẹ àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ ní Abẹ́òkúta pé kí wọ́n túbọ̀ ran àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń sọ ọmọ di ẹni tó ṣeé fi nǹkan lé lọ́wọ́ ni wọn kì í kọ́ ní kíláàsì.

Láìpẹ́ yìí, mo rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà ní Ìtòkú. Ọmọbìnrin kan ló mú ìwé dání, tó ń kọ orúkọ ẹni tó mú ṣọ́bìrì wá àti iye tí wọ́n fi ra omi. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ka ìṣirò náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, títí dé orí náírà tó ṣẹ́kù.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílùú wa. Abeokuta Ladies' Club tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kí ẹgbẹ́ náà tó di Abeokuta Women's Union ní 1946, tí wọ́n sì dìde tako owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin.

Ó dùn mí pé àgádágodo ló ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ yìí ń ṣèpàdé lábẹ́ igi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan péré fún wọn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yan olùkọ́ tí yóò máa mójú tó wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Abẹ́òkúta