Lẹ́tà sí ọmọ mi tó fẹ́ di olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì

Akúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Bàbá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ pé FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Akúrẹ́ níbí, fẹ́ gbà ọ́ sí ẹ̀ka ìṣirò gẹ́gẹ́ bí graduate assistant, ìyẹn ipò olùkọ́ tó kéré jù ní yunifásítì, tí o bá ti parí àgùnbánirọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti ń pè ọ́ láti Èkó pé kí o pa iṣẹ́ tíṣà tì, kí o wá jókòó sí báńkì. N kò ní bá wọn jà. Owó báńkì máa ń ju ti olùkọ́ lọ, ẹni tó bá sọ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ń tàn ọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ní ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kí o tó fọwọ́ síwèé.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o má ṣe jẹ́ kí ìṣirò rẹ jìnnà sí ènìyàn. Applied mathematics, ìṣirò tí a fi ń yanjú ìṣòro ayé, ni o yàn, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1927, àwọn méjì kan ní Edinburgh ní Scotland, William Kermack àti dókítà Anderson McKendrick, kọ ìwé kan lórí bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe ń tàn. Onímọ̀ kẹ́míkà ni Kermack. Ní 1924, kẹ́míkà bú mọ́ ọn lójú níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì sì fọ́ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn tó fọ́jú ló ṣe iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n títí dòní. Wọ́n pín ará ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí àrùn lè mú, àwọn tó ti mú, àti àwọn tó ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀, yálà wọ́n sàn tàbí wọ́n kú. Wọ́n wá kọ ìdọ́gba (equation) tó ń sọ bí ènìyàn ṣe ń ti ọ̀wọ́ kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí wọ́n gbé e ka iye àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn pa ní ìlú Bombay ní Íńdíà láàárín 1905 sí 1906, ó sún mọ́ ọn dáadáa. Àrùn tó ń ti ara eku wá sì ni àrùn Bombay yẹn.

O ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìlú Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń mú ènìyàn jù lọ ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó o ran ènìyàn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń le jù. Tí o bá jókòó sí ọ́fíìsì ní Ọbánlá nínú ọgbà FUTA, tí o kọ ìdọ́gba tó ka ènìyàn nìkan, tí kò ka eku mọ́ ọn, ìdọ́gba rẹ lè tọ̀nà lórí ìwé kó sì ṣi dókítà lọ́nà. Lọ sí Ọ̀wọ̀. Bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè irú ìgbà tí aláìsàn máa ń pọ̀. Wo àwọn obìnrin tó ń sá gààrí sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí o bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó o sí lálẹ́, ohun tí wọ́n fi ń bò ó. Lẹ́yìn náà ni kí o wá mú bírò. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tún wà ní Oǹdó níbí. Wá àwọn tí ẹ óò jọ ṣiṣẹ́, nítorí oníṣirò kò lè dá mọ àrùn.

Rántí Ronald Ross pẹ̀lú, dókítà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902 nítorí pé ó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà malaria kiri. Àwọn ènìyàn ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè pa gbogbo ẹ̀fọn tán. Ìṣirò ni Ross fi dá wọn lóhùn: kò dìgbà tí a bá pa gbogbo rẹ̀, tí iye rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ibà náà á máa kásẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí orúkọ rẹ wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù ni kíláàsì. Àwọn kan nínú iṣẹ́ yẹn ka kíkọ́ ọmọ ọdún kìíní sí ìyà, wọ́n á máa sá fún un. Má ṣe bá wọn sá. Níbẹ̀ ni ọmọ ẹnjiníà, ọmọ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọmọ kọ̀ǹpútà ti jọ ń jókòó, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ ohùn olùkọ́. Nínú wọn, wàá rí ọmọ tó wá láti abúlé tí kò ti ní olùkọ́ ìṣirò kankan fún odindi ọdún. Ọmọ yẹn kì í ṣe olórí kunkun. Tí o bá fẹ́ kọ́ wọn ní differential equation, ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà sí, má tètè kọ lẹ́tà sójú pátákó. Ní kí wọ́n rántí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bù sílẹ̀: ooru rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ kíákíá, nígbà tó bá ṣe á wá máa rọra lọ. Bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé bí ooru ẹ̀kọ bá ṣe ju ti inú yàrá lọ tó ni ìtutù rẹ̀ ṣe máa ń yá tó. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sọ ìdọ́gba náà tán; ìwọ kàn fẹ́ bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Chike Obi ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè dókítà (PhD) nínú ìṣirò, ní Cambridge, ní 1950. Adegoke Olubummo, ọmọ Orin-Èkìtì, gba tirẹ̀ ní 1955. Àwọn méjèèjì padà wálé wá kọ́ ọmọ ní Ìbàdàn. Lójú tèmi, àwọn tí wọ́n kọ́ tóbi ju ìwé ẹ̀rí wọn lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, dárúkọ Grace Alele-Williams fún un, tó gboyè dókítà ní Chicago ní 1963, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní 1985.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Àtẹ̀gùn iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ga, láti graduate assistant títí dé ọ̀jọ̀gbọ́n, o kò sì lè gun òkè láìsí oyè dókítà àti ìwé tí o kọ. Tètè bẹ̀rẹ̀. Má sanwó fún jọ́nà, ìwé ìròyìn ìwádìí, tí kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀. Ṣé o rántí 2022? Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà nínú ìyanṣẹ́lódì, tí ìjọba sì dá owó oṣù dúró. Nítorí náà, wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní oṣù tí o bá kọ́kọ́ gbowó, má sì jẹ gbèsè lórí owó oṣù tí kò tíì wọlé. Bí ebi bá tilẹ̀ ń pa ọ́, má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí máàkì, má sì fipá ta ìwé fún wọn. Mo bẹ̀ ọ́ lórí èyí ju gbogbo ìyókù lọ.

Tí àyè bá ṣí fún ọ láti lọ sí Trieste ní Ítálì, níbi tí Abdus Salam, onímọ̀ físíìsì ọmọ Pakistan, dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ sí ní 1964 fún àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa, lọ. N kò ní sunkún.

Fi ọjọ́ tí wọ́n ní kí o wá bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí bàbá rẹ lè bá ọ wá yàrá sí apá Southgate, ẹnu ọ̀nà FUTA, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, nítorí owó ilé á ti lọ sókè nígbà náà. Ìwé ìṣirò mi wà nínú àpótí. Sọ àwọn tí o fẹ́ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.