Àwọn aránṣọ Ẹ̀pẹ́ náà ń fẹ́ owó wọn lásìkò

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn olókòwò òkèèrè, iye dọ́là tó wọlé ni wọ́n máa ń kà fún wa. Wọn kì í bi àwa oníṣẹ́ ọwọ́ pé ìgbà wo là ń gbowó.

Ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan gbé aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún mi rán. Mo yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi ra kákí, síìpù àti òwú. Ìgbà tí mo kó aṣọ dé ibẹ̀ ni wọ́n ní owó di lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ta ni èlé ń dúró dè?

Mi ò ní kí wọ́n má wá o. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ rí ló padà wá kọ́ wa bí a ṣe ń pín iṣẹ́: ẹnìkan á mú apá, ẹlòmíì á mú ọrùn. Aṣọ wa sì ń tètè jáde báyìí.

Òfin 1972 ya àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Àwọn tó ń yá àlejò lórúkọ, kí òwò àlejò lè dà bíi ti ọmọ Nàìjíríà, ló sì jẹ nínú rẹ̀. Òfin 1995 ṣílẹ̀kùn padà fún àwọn olókòwò òkèèrè. Ní ti epo rọ̀bì, òfin 2010 ní kí wọ́n kọ́kọ́ ro ti ọmọ Nàìjíríà bí iṣẹ́ bá wà. Àwa aránṣọ ńkọ́? Kí ìjọba ṣáà pàṣẹ pé kí wọ́n san ìdajì sílẹ̀, kí ìyókù wọlé láàárín oṣù kan.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Ẹ̀pẹ́.