Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ilé-Ifẹ̀ Tí Ẹ Ń Pín Oúnjẹ fún Aláìní

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín kú ìnáwó, mo kí yín kú ìnára. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó gaàrí sì ti di ohun tí a ń gbọ́ tí àyà ń já wa, ẹ̀yin ni ẹ ń dá owó jọ láàárín ara yín, tí ẹ ń di ìrẹsì, ẹ̀wà àti Indomie sínú ọ̀rá, tí ẹ sì ń pín in láti Ìlódè títí dé Ṣábó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín gan-an kò tíì ríṣẹ́ gidi ṣe. Nítorí pé iṣẹ́ náà dára ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebi tí a lé lọ ní òwúrọ̀ yóò padà wálé ní alẹ́ bí ohun tó bí i kò bá tíì kúrò nílẹ̀. Níbi ìpín yín tó kọjá, mo rí ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Odò Ogbè. Wọ́n fún un ní ọ̀rá tirẹ̀, wọ́n ní kó gbé e sókè kí wọ́n lè ya fọ́tò, ó gbé e sókè, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò tíì rìn jìnnà tó fi tà á fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dínwó, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni ọjọ́ tí wọ́n ń san owó gbọ́múlélántà, ìyẹn owó èlé tí wọ́n ń yá àwọn ọlọ́jà lẹ́gbẹẹgbẹ́, bí kò bá sì san án, gbogbo ẹgbẹ́ tó dúró fún un ni wọn yóò dá jókòó. Ìrẹsì yín kò dé inú ìkòkò rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó yá a lówó ló bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Láti ọdún 1947 títí di 1986, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó ló ń dá iye owó tí àgbẹ̀ yóò gbà lé e, tí wọ́n sì ń tà á lókè òkun ní iye tó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè tó kù wúlò fún ìlú: àwa jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, Yunifásítì Ifẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní ọdún 1962 sì kó wá sí ìlú wa ní ọdún 1967. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń ro oko. Ẹni tí kò nílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, alágbàṣe ń gba owó ojúmọ́, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn níbi tí wọ́n ti ń dá owó kòkó. Ọmọ onílẹ̀ kàwé, ó di ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọmọ alágbàṣe bá bàbá wọn mú àdá. Kò sí ẹni tó pète ibi sí wọn. A kàn ṣe oore fún wọn láìpè wọ́n sí ìpàdé ni.

Ìjọba náà ti gbé oríṣiríṣi ètò ìrànwọ́ jáde: a rí Operation Feed the Nation, tó ní kí gbogbo ènìyàn máa dáko, ní 1976, a rí NAPEP, ètò láti dín ìṣẹ́ kù, ní 2001, a rí TraderMoni tó ń yáni ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní 2018. Orúkọ ń yí padà, àwọn tó ń tò lórí ìlà kò yí padà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti owó oṣù. Láti ọdún 2024, 70,000 náírà ni òfin sọ pé kí òṣìṣẹ́ tó kéré jù máa gbà, ṣùgbọ́n òfin náà kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Lágere àti Mayfair bọ́ sí. Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́jà ńlá tó ń fún yín ní àpò ìrẹsì kún owó tí ẹ dá, ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò gba ìdajì iye yẹn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣàánú. Díẹ̀ nínú gbèsè tó jẹ ló san, ẹlòmíràn ló sì san án fún.

Èmi kò ní kí ẹ má pín oúnjẹ mọ́. Arúgbó tí kò lọ́mọ àti aláìsàn tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ kò lè dúró de ọjọ́ tí ayé yóò dára. Ẹ gbé tiwọn dé ilé, kí ẹ sì fi fóònù sápò. Ní ti àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹ pè wọ́n jókòó kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tó ń jẹ èrè wọn. Wọ́n mọ èésú, wọ́n mọ àjọ. Ẹ fi owó ìrẹsì oṣù mélòó kan ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n yan olóyè fúnra wọn, kí ìwé owó sì wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ yín. Yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ gbọ́múlélántà. Kò lè dá owó epo padà, kò sì lè tún ọ̀nà oko ṣe. Ohùn wọn ló lè ṣe ìyẹn. Nígbà ìjà Agbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló kóra jọ tí ìjọba fi dín owó orí kù. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ púpọ̀, n kò sì fẹ́ irú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé í kọ lè bá wọn kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé wọn lọ. Kí àwọn fúnra wọn sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá sì tún lọ gba àpò ìrẹsì lọ́dọ̀ ọlọ́jà ńlá kan, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá fi ọ̀wọ̀ béèrè iye tí ọmọ tó ń bá a tajà ń gbà lóṣù. Ó lè bínú, ó lè gba àpò rẹ̀ padà. Ẹ ṣáà béèrè.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀.