Alága, Ẹ Jọ̀ọ́ Ẹ Gbé Fóònù Yẹn Sílẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí nínú, ẹ bá mi gbé e jáde.

Sátidé tó kọjá la ṣe míítìn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa l'Abẹ́òkúta níbí, ìyá aláró kan dìde, wọ́n ní àgbàrá ń wọ yàrá àwọn torí wọ́n ti dí gọ́tà. Alága wa ń tẹ fóònù. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ràì, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kàn ń sọ pé "ẹ máa sọ ọ́ lọ mà, mò ń gbọ́ yín." Ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní "kò tó nǹkan," wọ́n jókòó. Alága ní "ẹ ṣé mà, ta ló kàn?"

Kò tó nǹkan kẹ̀! Ìgbà tí mo sìn wọ́n délé ni mo tó gbọ́ pé ẹni tó kó yẹ̀pẹ̀ dí gọ́tà wà níjókòó, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wò yẹn gan-an ló jókòó sí, wọn ò kàn fẹ́ dárúkọ ẹ̀ ní gbangba ni. Ojú ìyá ti sọ ọ́ tán, alága ò rí i.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé alága yìí náà ló ti sẹ́mínà àwọn adarí dé lọ́dún tó kọjá tó ń sọ fún wa pé ìdá 93 nínú 100 ọ̀rọ̀ ni kì í ti ẹnu jáde. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá l'Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní 1967, 7 fún ọ̀rọ̀, 38 fún ohùn, 55 fún ojú, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ti ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀, bí inú èèyàn ṣe rí sí nǹkan lòun ń wí. Tó bá jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ni, àwọn aládìrẹ Ìtòkú ì bá ti máa fojú lásán gbọ́ èdè Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ti alága wa bọ́ sí i gẹ́lẹ́: ẹnu ní "mò ń gbọ́ yín," ojú wà lórí WhatsApp, èwo ni kí ìyá gbà gbọ́?

(Àwọn onísẹ́mínà tún ní ká máa wojú ara wa kòrókòró. Ìyẹn ò bá wa lára mu tó bẹ́ẹ̀, ọmọ tó dorí kodò níwájú àgbà lè máa gbọ́ gbogbo ẹ̀ o.)

Ṣebí ìlú yìí náà ni Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti ṣe tiwọn. Wọ́n kàwé dé ìlú Òyìnbó, síbẹ̀ wọ́n bọ́ gáùn sílẹ̀, ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àní níwájú àwọn aṣojú ìjọba Òyìnbó, káwọn ìyá ọjà lè mọ̀ pé ara wọn ni. Àti pé káwọn obìnrin tó lọ jókòó síwájú ààfin Aké ní 1947 torí owó orí, Màmá ti kọ́kọ́ tẹ́tí sáwọn tó ń ta ìrẹsì, tí wọ́n ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn.

Mo ju alága lọ lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n ipò là ń bọ̀wọ̀ fún, mo sì mọ̀ pé ó máa ń ka ìwé ìròyìn yìí, lórí fóònù yẹn náà ni. Alága, ẹ lọ bá ìyá nílé. Gọ́tà yẹn ṣì dí, òjò sì ti ń ṣú.

Èmi ni tiyín,
Lándílọ́ọ̀dù kan, Abẹ́òkúta.