Ta ní ń jẹ iyán lábẹ́ aṣọ òkú?

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Okun o. Ṣé òtútù Jámánì ò tíì gbé ọ mì?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ò ṣeé gbé sùn. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n yàwòrán ilé ìsinmi kan fún àwọn awakọ̀ àti èrò ọkọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ọbájánà wọ Kàbà. O rántí bí ọ̀nà yẹn ṣe máa ń gbọn ìfun wa? Kọnkéré ni báyìí, kìlómítà 43, tírélà símẹ́ńtì ń gba orí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, abẹ́ ọkọ̀ sì ni àwọn dírẹ́bà ń tẹ́ ẹní sí.

Ọ̀gá tó lowó ní òun fẹ́ kó jọ ilé àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Inú mi dùn, àfìgbà tó fi fọ́tò aṣọ pupa kan ránṣẹ́, pé kí n ya bátànì rẹ̀ yí ògiri ilé oúnjẹ po. Aṣọ ìpò Bùnú ni! Dúpẹ́, aṣọ ìsìnkú àgbà ni èèyàn máa jókòó tì, tí á máa gé òkèlè iyán. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, kí n tó pè é, tí mo fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Tá a bá wá sọ ọ́ di búlúù ńkọ́?”

Mo tún sọ fún un pé lọ́dọ̀ yín, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí 4 ààbọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45. Ó ní ṣé ìyẹn náà wà nínú àṣà Okun ni.

Ohun tí mo fẹ́ mú nínú ilé àwọn bàbá wa ò sí lára ògiri. Ta ló ń dúró lójú ọ̀nà wa lónìí, nítorí ẹ̀rù ajínigbé? Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó fẹ́ tọ̀ pàápàá, dírẹ́bà á ní kó fara dà á dé Kàbà. Tí mo bá kọ́ ilé onígíláàsì tó ya ẹnu sí títì, ta ni yóò sùn níbẹ̀? Àwọn bàbá wa ti rí irú rẹ̀ rí, nígbà tí ogun Tápà ń kó èèyàn lẹ́rú. Wo ilé yín: ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, gbogbo yàrá kọjú sí àgbàlá, òrùlé dà sínú, òjò ń rọ sí ìkòkò. Ohun tí mo yà nìyẹn. Géètì kan, tírélà lábẹ́ iná sólà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń ta iṣu sísun, torí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí kọnkéré tó dé. Ọ̀gá ní kí n lé wọn. Ìjà ìyẹn ṣì ń bọ̀.

Ògiri rẹ̀, amọ̀ pupa tá a po símẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ni, bíi ti Demas Nwoko, àgbà ayàwòrán ilé wa. Àwọn kan ní tálákà ló ń kọ́lé amọ̀. Níbi ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé àgbáyé ní Venice, wọ́n fún bàbá yẹn ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà lọ́dún 2023.

Ṣadé ti bímọ, obìnrin. Iṣu wọ́n. Pásítọ̀ wa ti lọ sí Ẹ̀gbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an rèé. Mo lọ wọn ilé bàbá àgbà yín ní Ìyàrá. Ògiri ìsàlẹ̀ nípọn tó láti ìka mi dé ìgúnpá. Òkúta tí òjò ń dà sí ti jẹ, ó ń dán. Bàbá Kékeré yín bá mi níbẹ̀, wọ́n ní kí n yára o, àwọn fẹ́ wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀! Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n bi mí pé ọmọ ilé mélòó ló ń sùn níbẹ̀. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìwọ lọmọ wọn, ìwọ lò ń fowó ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Má ní kí wọ́n má wó o, wọ́n á bínú. Oṣù kan péré ni kí o bá mi tọrọ, kí n wọn gbogbo yàrá, kí wọ́n sì ta àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún mi. Tí wọ́n bá dá iye lé e, má bá wọn dúnàá, èmi ni kí o fi í sílẹ̀ fún. Kó tó di Sátidé o, ìpàdé ẹbí ń bẹ.

Èmi ni tìẹ,
Bọ́lá